Iṣẹ́ Odò Nínú Yàrá: Sọ́ǹpù Àpótí Ẹja àti Ìbéèrè Nípa Mímọ́ Omi

Kò sí ẹ̀sìn kan tí ó fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn Yorùbá tí kò ní ọ̀rọ̀ láti sọ nípa omi: Mùsùlùmí kì í kírun láìṣe àlùwàlá níbi tí omi bá wà, àwọn ìjọ Kìrìsìtẹ́nì ń fi omi ṣe ìrìbọmi, àwọn ọlọ́ṣun sì ń pọn omi odò wọn fún ìwòsàn àti fún àwọn tí ń wá ọmọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà lábẹ́ gbogbo àṣà wọ̀nyí tí a kì í sábà gbé jáde, ìyẹn ni ohun tí ó ń mú kí omi máa mọ́ lọ lẹ́yìn tí a bá ti bù ú kúrò nínú odò tí a sì sé e mọ́ ibì kan, àti ẹni tí iṣẹ́ náà já lé léjìká. Ohun tí àròkọ yìí yóò fi yẹ ìbéèrè náà wò kì í ṣe ojúbọ tàbí mọ́sáláṣí, bí kò ṣe ohun èlò kékeré kan tí àwọn tí ń sin ẹja nínú ilé ń fi ọwọ́ ara wọn kàn, tí wọ́n ń pè ní sọ́ǹpù. Sọ́ǹpù ni àpótí omi kejì tí a gbé sí abẹ́ àpótí gíláàsì tí ẹja ń gbé. Omi òkè ń dà sínú rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń gba àárín àwọn ohun tí ń sẹ́ ìdọ̀tí kọjá, ẹ̀rọ pọ́ǹpù kan sì ń tì í padà sókè tọ̀sán-tòru. Èrò tí a fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ kò gùn: ẹni tí ó bá sé omi mọ́ ti gba iṣẹ́ odò ṣe, kò sì sí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tàbí ọgbọ́n orí tí ó lè bọ́ iṣẹ́ náà kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Dutse Alhaji, tí ó wà lábẹ́ Ìgbìmọ̀ Agbègbè Bwari ní Àbújá, yẹ fún irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ibòmíràn lọ. Ilẹ̀ àwọn Gbagyi ni kí ìjọba àpapọ̀ tó ya agbègbè olú-ìlú sọ́tọ̀ ní ọdún 1976. Lónìí, Yorùbá, Haúsá, Ígbò àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn ni wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀, tí púpọ̀ nínú wọn sì ń ti ibẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ láàárín ìlú. Kànga ẹ̀rọ tí a gbẹ́ sínú ọgbà ni ọ̀pọ̀ ilé gbójú lé fún omi, àwọn mìíràn sì ń rà á lọ́wọ́ àwọn tí Haúsá ń pè ní mai ruwa, ìyẹn àwọn ọkùnrin tí ń ti kẹ́ẹ̀gì omi kiri àdúgbò lórí kẹ̀kẹ́ ìtìkiri. Iná ìjọba ń wá, ó ń lọ. Níbi tí omi àti iná kò bá ti dáni lójú, iṣẹ́ tí sọ́ǹpù ń ṣe kò lè fara pamọ́ fún ẹni tí ó ni ín.

Bí a ṣe ń kan án rọrùn láti ṣàlàyé ju bí ó ti rọrùn láti ṣe lọ. Ká sọ pé inú àpótí òkè gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, ó fẹ̀ ní 45, ó sì jìn ní 45. Bí ó bá kún, omi inú rẹ̀ yóò jẹ́ lítà 243, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì márùn-ún, nítorí náà tábìlì tí yóò gbé e kì í ṣe tábìlì ìjẹun. Àwọn tí ń gé gíláàsì fèrèsé lè gé ti sọ́ǹpù, a ó sì fi sílíkọ́ònù tí kò ní oògùn apa-èbu nínú lẹ̀ ẹ́ pọ̀. A ó lu ihò kan sí ara gíláàsì òkè nítòsí etí rẹ̀ (gíláàsì tí wọ́n ti fi iná sọ di líle kò ṣeé lu, fífọ́ ni yóò fọ́ yángá), a ó ti páìpù bọ̀ ọ́, kí omi tí ó bá ga dé ibẹ̀ máa dà sísàlẹ̀. Inú sọ́ǹpù ni a ó fi awẹ́ gíláàsì pín sí yàrá mẹ́ta: yàrá kìn-ín-ní ní fóòmù tí ń gba ìgbẹ́ ẹja àti àjẹkù oúnjẹ rẹ̀, èkejì kún fún òkúta wẹ́wẹ́, àfọ́kù ìkòkò amọ̀, tàbí ohunkóhun tí ó ní ihò púpọ̀ lára, ẹ̀kẹta ni pọ́ǹpù wà.

Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe ni ti ìgbà tí iná bá lọ. Bí pọ́ǹpù bá dákẹ́, omi tí ó ga ju ẹnu ihò lọ yóò máa dà sísàlẹ̀ títí yóò fi bá ihò dọ́gba, páìpù tí ń gbé omi padà sókè pẹ̀lú lè bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi láti òkè wá bí ẹnu rẹ̀ bá rì sínú omi. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3 péré ni yóò fà nínú àpótí tí a ṣírò yìí, lítà 16 àti díẹ̀ ni yóò dà. Nínú sọ́ǹpù tí ó gùn ní 75 tí ó sì fẹ̀ ní 35, ìyẹn yóò mú kí omi ga sí i ní sẹ̀ǹtímítà 6 ó lé díẹ̀. Àyè náà gbọ́dọ̀ wà ní òfìfo nígbà gbogbo, a sì gbọ́dọ̀ lu ihò kékeré sí ara páìpù ìpadàbọ̀, díẹ̀ sísàlẹ̀ ojú omi, kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ wọlé kí fífà náà sì já. Ẹni tí ó bá rọ omi kún sọ́ǹpù dé ẹnu, nítorí pé gbogbo nǹkan ń lọ déédéé nígbà tí iná wà, yóò jí bá omi lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ìgbà tí ohun èlò yìí kò bá ṣiṣẹ́ ni a fi ń ṣírò rẹ̀, èyí sì ti ya èrò rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ti ọ̀pọ̀ ohun tí à ń kọ́ ní Nàìjíríà.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní yàrá kejì ni ọkàn ọ̀rọ̀ náà. Ẹja ń tú amóníà jáde, pàápàá láti ibi tí ó fi ń mí ní ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀. Nínú odò, omi tí ń ṣàn a gbé e lọ, ṣùgbọ́n nínú àpótí, ibi tí ó ti jáde náà ni ó ń wà, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì tó láti pa ẹja, pàápàá nínú omi gbígbóná bíi ti oṣù kẹta ní Àbújá. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n rọ̀ mọ́ ara òkúta inú yàrá náà ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ odò níhìn-ín: ọ̀wọ́ kan ń sọ amóníà di nitrite, tí òun náà jẹ́ májèlé fún ẹja, ọ̀wọ́ kejì ń sọ nitrite di nitrate, tí oró rẹ̀ kéré jọjọ. Sergei Winogradsky, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Rọ́ṣíà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Zurich nígbà náà, ni ó ya irú àwọn kòkòrò bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ ní ọdún 1890; ní ọdún 1998, Timothy Hovanec àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ọ̀wọ́ tí ń jẹ́ Nitrospira ni ó ń ṣe ìpele kejì nínú àpótí ẹja aláìníyọ̀, kì í ṣe Nitrobacter tí àwọn ìwé ti ń dárúkọ tipẹ́. Wọn kì í yára pọ̀. Ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ni àpótí tuntun sábà ń gbà kí wọ́n tó tó iye tí ó lè gbé ẹja ró. Ẹni tí ó bá fi omi tí ó ní kilọríìnì fọ fóòmù àti òkúta wọ̀nyí títí wọ́n fi ń dán, nítorí pé ó kórìíra ìdọ̀tí, yóò pa àwọn òṣìṣẹ́ náà lápapọ̀, ẹja rẹ̀ yóò sì máa kú nínú omi tí ó mọ́ gaara lójú. Omi mímọ́, níbi tí nǹkan bá ń gbé inú rẹ̀, ni omi tí ìdọ̀tí rẹ̀ ní ibi tí ó ń lọ, tí ó sì ní ẹni tí ń gbà á.

Àwọn amòfin ẹ̀sìn ti bá ìbéèrè yìí fà á tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ kòkòrò kan. Ilé ẹ̀kọ́ òfin Shafi'i, ọ̀kan nínú mẹ́rin tí àwọn Mùsùlùmí Sunni ń tẹ̀ lé, gbà pé omi tí ó bá tó qullah méjì (qullah ni ìkòkò ńlá kan tí àwọn Lárúbáwá àtijọ́ ń lò) kì í di ẹlẹ́gbin nípa pé ẹ̀gbin kàn án lásán, àfi bí àwọ̀, adùn tàbí òórùn rẹ̀ bá yí padà. Ìṣirò òde òní sì sábà gbé qullah méjì sí bíi 200 lítà, bí àwọn mìíràn tilẹ̀ gbé e ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé ẹ̀kọ́ Maliki, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Nàìjíríà ń tọ̀, kò fi ìwọ̀n ṣe ààlà bẹ́ẹ̀. Àwọ̀, adùn àti òórùn omi ni ó ń wò. Ní ti àwọn Júù, àdágún ìwẹ̀nùmọ́ wọn, tí wọ́n ń pè ní mikveh, kò gbọdọ̀ jẹ́ kìkì omi tí ènìyàn fi ohun èlò pọn, nítorí náà wọ́n ń kọ́ kòtò omi òjò kan, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ otzar, sí ẹ̀gbẹ́ tàbí abẹ́ àdágún náà, wọ́n sì ń fi ihò kan so méjèèjì pọ̀, kí omi ẹ̀rọ tí à ń pààrọ̀ lókè lè gba ipò rẹ̀ láti ara omi òjò tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀. Ẹni tí ó bá ti kan sọ́ǹpù rí kò ní pẹ́ lóye ìlànà otzar.

Òótọ́ ni pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn òfin wọ̀nyí tí ó lè gba ẹja là. Iye amóníà tí ó ń pa ẹja kò yí àwọ̀, adùn tàbí òórùn omi padà tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn yóò fi mọ̀. Kì í ṣe àléébù lára òfin, nítorí ohun tí òfin ń béèrè ni bóyá ènìyàn lè ti inú omi náà jáde lọ síwájú Ọlọ́run, ẹja kò sì níí kírun. Ṣùgbọ́n ibi tí àwọn òfin náà àti sọ́ǹpù ti pàdé ṣe pàtàkì: nínú qullah méjì àti nínú otzar, omi díẹ̀ kò dá mọ́ fúnra rẹ̀, omi púpọ̀ tí ó fara kọ́ ni ó ń gbé e ró, ìsopọ̀ yẹn ni ẹni tí ó sé omi mọ́ sì ti já.

Ìtàn àpótí ẹja fúnra rẹ̀ kún fún àríyànjiyàn láàárín àwọn tí ó gbà pé ayé lè máa bójú tó ara rẹ̀ àti àwọn tí kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1850, Robert Warington, onímọ̀ kẹ́mísìrì ní London, ròyìn fún ẹgbẹ́ àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun ti fi ẹja wúrà, ewéko inú omi àti ìgbín omi sínú àpótí kan, tí ewéko ń fún ẹja ní afẹ́fẹ́, tí ìgbín ń jẹ ewé tí ó rà, tí omi kò sì bàjẹ́. Philip Henry Gosse, onímọ̀ nípa ẹ̀dá tí ó tún jẹ́ oníwàásù láàárín àwọn Brethren, ni ó sọ àṣà náà di ti gbogbo ilé pẹ̀lú ìwé rẹ̀ The Aquarium ní ọdún 1854. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ó tẹ Omphalos jáde, níbi tí ó ti jiyàn pé àyípo ni gbogbo ẹ̀dá, ẹyin di adìyẹ, adìyẹ tún yé ẹyin, nítorí náà bí Ọlọ́run bá dá ohunkóhun, àárín àyípo ni yóò ti dá a, pẹ̀lú àmì ọjọ́ orí tí kò lò rí lára rẹ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kọ̀ ọ́, àwọn ẹlẹ́sìn kò sì fi tayọ̀tayọ̀ gbà á. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ti dúró ti àpótí tuntun mọ ohun tí ń da ọkùnrin náà láàmú: bí kò bá sí amóníà, kò sí ohun tí àwọn kòkòrò yóò jẹ, bí kò bá sí kòkòrò, ẹja tí yóò mú amóníà wá yóò kú. Àyípo kò ní ẹnu ọ̀nà. Ọgbọ́n tí àwọn tí ń sin ẹja ń dá ni pé wọ́n a tọrọ òkúta nínú àpótí ẹlòmíràn tí ó ti gbó, wọ́n a gbé e sínú tuntun, bí ẹni pé ayé wọn ti wà tipẹ́. Gosse ì bá rẹ́rìn-ín.

William Alford Lloyd ni kò dúró de àyípo. Nínú ilé ẹja tí ó ṣètò ní Crystal Palace ní London, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1871, àdágún òkùnkùn kan wà lábẹ́, tí omi rẹ̀ pọ̀ ju ti gbogbo àpótí tí àwọn ènìyàn ń sanwó wò lọ, ẹ̀rọ sì ń gbé omi náà yípo láìdúró. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé ẹwà tí ó wà lójú gíláàsì gba pé kí omi tí ẹnikẹ́ni kò wò pọ̀, kí agbára kan sì máa ti ìta wọlé wá nígbà gbogbo.

Agbára tí ń ti ìta wọlé yìí ni ó mú ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ Abu Hamid al-Ghazali, tí ó kú ní ọdún 1111, ẹni tí ó bá àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò jiyàn nínú ìwé Tahafut al-Falasifa pé kì í ṣe iná ni ó ń jó òwú fúnra rẹ̀, Ọlọ́run ni ó ń dá jíjó náà ní ìgbà tí iná bá kan òwú. Ibn Rushd, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò, dá a lóhùn lẹ́yìn náà pé ẹni tí ó bá gba ohun tí ń fa nǹkan lọ́wọ́ nǹkan ti gba ìmọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn. Àwọn Yorùbá ní ọ̀nà kẹta, èyí tí E. Bọ́lájí Ìdòwú gbìyànjú láti ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ Olódùmarè ní ọdún 1962: Ọba òkè ni orísun gbogbo àṣẹ, ṣùgbọ́n àwọn òrìṣà ni òjíṣẹ́ tí ó fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹ̀ka tirẹ̀. Sọ́ǹpù kò lè dá ẹjọ́ yìí, ó sì yẹ kí a ṣọ́ra fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ abẹ́ tábìlì jẹ́rìí sí Ọlọ́run. Ohun tí ó lè ṣe ni pé ó fi bí ìgbáró ṣe rí hàn. Ní òru tí iná bá lọ, kò sí ohun tí ó yí padà lójú gíláàsì fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹja ń lúwẹ̀ẹ́, omi ń dán. Lábẹ́, omi ti dúró, àwọn kòkòrò ń lo ọ́síjìn tí ó ṣẹ́kù, omi gbígbóná kò sì lè gba ọ́síjìn púpọ̀ mọ́ra. Ìgbà tí ẹja bá wá ń fi ẹnu gba afẹ́fẹ́ lójú omi ni ènìyàn tó rí ohun tí ó ti ń gbé e ró láti àárọ̀.

Ọyẹ́ pẹ̀lú ń kọ́ni ní nǹkan kan tí ó jọ èyí. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ a máa fa omi inú àpótí lọ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n nítorí pé ẹnu ihò ni ó ń pinnu bí omi òkè ṣe ga tó, àpótí tí àlejò ń wò kì í fà rárá. Yàrá kẹta, níbi tí pọ́ǹpù wà, nìkan ni ó ń fà, títí pọ́ǹpù yóò fi máa mu afẹ́fẹ́ tí yóò sì jóná. Yorùbá tí ó ní orí inú, ìyẹn ìpín àìrí tí ẹ̀dá yàn kí ó tó wá sáyé, ni ó ń gbé orí òde, kò ní rí ohun tuntun nínú èyí, bí kò ṣe pé níhìn-ín ibi tí àdánù ti ń hàn ṣeé fi rúlà wọ̀n.

Ẹ̀tọ́ láti sé ẹ̀dá mọ́ wá ńkọ́? Ìwé Jẹ́nẹ́sísì fún ènìyàn ní àṣẹ lórí ẹja òkun nínú orí kìn-ín-ní, nínú orí kejì ó fi í sínú ọgbà láti máa ro ó kí ó sì máa ṣọ́ ọ. Àwọn tí ń tọ́ka sí àkọ́kọ́ kì í sábà kà dé èkejì. Nínú hádíìsì, a gbọ́ pé ọmọdé kan, Abu Umayr, ní ẹyẹ kékeré kan tí ó ń bá ṣeré, Ànábì Muhammad sì máa ń bi í léèrè nípa ẹyẹ náà láìbá a wí, èyí tí àwọn onímọ̀ fi sọ pé ó tọ́ láti fi ẹyẹ sínú àgò bí a bá ń tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn tí ó wọ inú ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ jù lọ ni ti obìnrin tí ó wọ iná nítorí ológbò: ó dè é mọ́lẹ̀, kò fún un ní oúnjẹ, kò sì jẹ́ kí ó lọ jẹ kòkòrò ilẹ̀. Ìdájọ́ náà ní apá méjì, pé kò fún un ní oúnjẹ àti pé kò jẹ́ kí ó lọ, apá kejì ni ó sì mú apá kìn-ín-ní di ẹ̀ṣẹ̀, nítorí ológbò tí ó wà ní ìta kò ní gbèsè oúnjẹ lọ́rùn ẹnikẹ́ni. Dídè ni ó dá gbèsè náà sílẹ̀. Bí a bá gbé e wá sí ọ̀dọ̀ ẹja, gbèsè náà kọjá oúnjẹ, ó kan omi, ó kan afẹ́fẹ́ inú omi, ó kan òru tí kò sí iná. Ẹja tí ènìyàn lè sìn láìjẹ̀bi ní Dutse Alhaji ni iye tí omi rẹ̀ lè gbé títí iná yóò fi dé, tàbí iye tí bátìrì àti sólà rẹ̀ lè gbé. Ẹni tí kò bá ní èyíkéyìí lè wo ọ̀dọ̀ àrọ̀, tí ó lè mí afẹ́fẹ́ lójú omi, kí ó sì fi àwọn ẹja tí kò ní irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ní Òṣogbo, níbi tí a kì í ti í pa ẹja inú igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kà mọ́ àwọn ogún àgbáyé ní ọdún 2005, ẹnikẹ́ni kò sé omi mọ́, odò ni ó ń ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀. Síbẹ̀ ìwakùsà wúrà ní apá òkè odò náà ti sọ omi rẹ̀ di pípọ́n ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, èyí tí ó fi hàn pé agbára odò pàápàá ní òpin. Àbújá ti sé odò tirẹ̀: adágún Usuma, ní agbègbè Bwari, ni ó ń fún ìlú ní omi, wọ́n sì tún ń fi páìpù tí ó gùn ní kìlómítà 75 gbé omi Gurara wá kún un. Omi ìdọ̀tí àárín ìlú ń lọ sí Wupa, níbi tí àwọn kòkòrò àìfojúrí ti ń ṣiṣẹ́ lé e lórí nínú àgbá ńláńlá kí ó tó padà sínú odò. Sọ́ǹpù ìlú nìyẹn, ní èdè tí a ti ń sọ bọ̀. Ní Dutse Alhaji, kòtò tí onílé kọ̀ọ̀kan gbẹ́ sẹ́yìn ilé ni omi ilé ìgbẹ́ rẹ̀ ń lọ, kànga ẹ̀rọ sì lè wà nínú ọgbà kan náà, tàbí nínú ọgbà ẹni tí ó fi ògiri pààlà.

Gbogbo ẹni tí ó ní sọ́ǹpù mọ ohun tí sọ́ǹpù kò lè ṣe dáadáa: nitrate, tí ó kẹ́yìn iṣẹ́ àwọn kòkòrò, ń pọ̀ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pípààrọ̀ díẹ̀ nínú omi tàbí gbígbin ewéko sí i ni ó sì ń dín in kù. Àwọn tí ń ra omi ní kẹ́ẹ̀gì kì í da omi tí wọ́n yọ nù, ìdí ewédú àti tẹ̀tẹ̀ ni wọ́n ń dà á sí, ibẹ̀ sì wúlò ju gọ́tà lọ. Ilẹ̀ abẹ́ ilé pẹ̀lú ń ṣe iṣẹ́ yàrá kejì: àwọn kòkòrò inú yẹ̀pẹ̀ ń sọ amóníà inú kòtò di nitrate, nitrate náà kò sì rọ̀ mọ́ yẹ̀pẹ̀, ó ń bá omi abẹ́ ilẹ̀ lọ síbi tí omi bá ń lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi mílígíráàmù 50 nínú lítà kan ṣe òpin nitrate nínú omi mímu, nítorí ewu tí ó jẹ́ fún àwọn ọmọ ọwọ́ tí a fi irú omi bẹ́ẹ̀ po oúnjẹ fún. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, sísè kì í sì í lé e lọ, ńṣe ni ó ń mú un ki sí i bí omi ti ń gbẹ. Ẹni tí ó ń sin ẹja ní ohun èlò kékeré tí ó fi ń wọn nitrate inú àpótí rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó má tíì fi í wọn omi kànga ẹ̀rọ tí òun àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ń mu.